Bí Ọkọ̀ Mi Ṣe Ń Dákú ní Lọ́kọ́ja

Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan ní Ìsẹ́yìn yìí pé ọkọ̀ mi kú sí Lọ́kọ́ja. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò kú rárá. Dídákú ló ń dákú. Tó bá ti dákú, a óò wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń jí ọkọ̀, wọn óò jí i, inú gbogbo wa á dùn, á sì tún gbé wa dé ẹsẹ̀ òkè kan náà, á ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni mo rà, ẹ bi í pé kí ló wà níwájú ilé wa yẹn, ṣé kẹ̀kẹ́ ni?

Mo ti pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra tipẹ́, torí ẹnì kan wà tí mi ò fẹ́ kó dé etí wọn. Wọ́n ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run fi àlùjáńnà kẹ́ wọn. Mo lè tú u sílẹ̀ wàyí.

Bàbá mi ló rán mi níṣẹ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n, Lásísì ahunṣọ tó wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí kékeré. Ojú wọn ń ṣókùnkùn nígbà náà. Àwọn ilé ìwòsàn ní ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, ti ọ̀tún á tẹ̀lé e, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Bàbá ò sunkún, wọn ò sì bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Àlàó, ọkọ̀ tí o rà tí o fi ń pariwo kiri ìgboro yìí, ṣé ó lè dé Lọ́kọ́ja?"

Mo ní ó lè dé Mẹ́kà.

"Mi ò rán ẹ ní Mẹ́kà. Lọ bá mi mú ẹ̀gbọ́n mi wá. Mo fẹ́ rí ojú wọn kí ojú tèmi tó parí iṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n Bàbá yìí, obìnrin, là ń pè ní Ìyá Lọ́kọ́ja nílé wa. Wọ́n ti tẹ̀lé ọkọ wọn tó ń ta aṣọ òfì lọ sọ́hùn-ún kí wọ́n tó bí mi sáyé. Ọkọ náà ti kú, ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ní Bídà, àwọn sì dúró sí Kpata nínú Lọ́kọ́ja, wọ́n ń bá aṣọ títà lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, wọn ò padà wá rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa wọn ni pé Bàbá ò lè dárúkọ wọn kí ohùn Bàbá má yí padà.

Lọ́rì tuntun ni tèmi, elépo díísù, kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ SÙÚRÙ LÉRÈ sí i níwájú. Mo rò pé àwọn ará ọ̀nà ni mo ń kọ ọ́ sí, àṣé èmi gan-an ni.

Ọkun

Mi ò ní fi ìtàn ọ̀nà dá yín lágara. Eruku ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjá Òmù-Àrán tí mo wọ ilẹ̀ Yàgbà, mo dúró bi bàbá kan léèrè ọ̀nà, ó ní, "Ọkun o." Mo ní kí ni wọ́n wí? Ó tún ní, "Ọkun." Ìkíni wọn ni. Láàárọ̀, ọkun ni. Lọ́sàn-án, ọkun ni. Ẹni tó jẹun yó, ọkun. Ẹni tí táyà rẹ̀ jò, ọkun náà ni. Àwa tí a ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn, a ò mọ̀ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó láti ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mi ò tíì bá mẹkáníìkì wọn pàdé nígbà yẹn.

Ọ̀sán gangan ni mo dé Lọ́kọ́ja. Láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo ti rí odò méjèèjì tó pàdé níbẹ̀, Ọya lápá kan, Bẹ́núè lápá kejì, omi ọ̀kan pọ́n ju ti èkejì lọ, wọ́n sì jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún méjì tó ń ná ọjà kan náà. Mo dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí i tí òun ò dúró, ẹ má bá a ṣòwò.

Ní Kpata, mo bi obìnrin kan tó ń yan ẹja léèrè ilé ìyá aláṣọ ará Ìsẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ fi Nupé dá mi lóhùn, kò wọlé. Ó mú Haúsá, kò wọlé. Ó mú Píjìnnì, ìyẹn fẹ́ wọlé díẹ̀. Ó ń dán èdè wò lára mi bí ẹni ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lára ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá tó já gaara bi mí pé, "Àbí ilé Ìyá Lásísì lẹ̀ ń wá ni?"

Mo ní Lásísì wo? Ó ní ọmọ wọn tó wà nílé, èyí tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé mo ti débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dárúkọ àbúrò wọn títí gbogbo àdúgbò fi rò pé ọmọ tí wọ́n bí ni.

Ẹnu ọkọ̀

Obìnrin kúkúrú, dúdú, ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ilà ojú Bàbá mi gan-an ló wà lójú wọn, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé ojú Bàbá wé gèlè. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò tíì ní kí n dìde tí wọ́n fi bi mí.

"Ojú Lásísì ńkọ́?"

"Ó ń dín, Màámi."

"A ó lọ lọ́túnla," ni wọ́n wí. Wọ́n wá ní kí n dìde, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sì nu ojú lọ wo ọkọ̀.

Àwa a máa kí ènìyàn ká tó kí ẹrù. Ìyá Lọ́kọ́ja kí ọkọ̀. Wọ́n rìn yí i ká, wọ́n fọwọ́ gbá a níwájú jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Ìwọ lo máa gbé mi lọ bá àbúrò mi? O ṣeun, o kú iṣẹ́." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Kí ló ń jẹ?"

"Epo díísù ló ń mu, Màámi."

"Níbo lẹnu ẹ̀ wà?"

Ìgbéraga ọlọ́kọ̀ tuntun, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Mo mú wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ṣí ìdérí táǹkì, mo ní ẹnu ẹ̀ rèé. Wọ́n fi imú gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rúnjú. "Oúnjẹ tó ń rùn báyìí ló ń mu, tó sì ń ṣiṣẹ́. Ó mà ní ìfaradà o." Àánú ọkọ̀ ṣe wọ́n lóòótọ́, mo rí i lójú wọn.

Wọ́n fi ẹja kí mi káàbọ̀. Ẹja tútù láti inú odò, ó tóbi ju orí ọmọdé lọ, ata gidi ló wà nínú ọbẹ̀ náà, ẹran ẹja sì ń jábọ́ lára egungun. Mo lá ọwọ́ mi. Ní alẹ́, ẹja ni. Ní òwúrọ̀, wọ́n gbé wáínà, àkàrà ìrẹsì wọn, wá, mo ní Ọlọ́run ṣeun, àṣé ẹja ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ rántí pé ọjọ́ méjì péré ni mo rò pé mo fẹ́ lò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, wọ́n ti gba hàǹtú lọ́wọ́ álífà wọn. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì àárín wa, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ Kùránì kúrò lórí wàláà ni hàǹtú, mímu là ń mu ún fún àbò àti oríire. Wọ́n fi oyin sí i. Wọ́n bu tèmi fún mi, mo mu, mo ṣe àmín. Wọ́n gbé igbá ìyókù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, láti lọ wo bí a ṣe di ẹrù wọn, èmi sì padà sídìí ẹja mi.

Gbogbo Kpata ló jáde wá sin wọ́n. A gba ọ̀nà Kàbà. Ọkọ̀ ń ké dáadáa títí a fi dé òkè àkọ́kọ́. Ní ìdajì òkè, ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Èéfín funfun jáde nídìí ẹ̀, ó dákẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì, mo fi òkúta dí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà Ìyá Lọ́kọ́ja nìkan ló ń dún.

Lọ́rì ẹlẹ́pà kan ló fi ṣéènì fà wá padà. Àwọn tó sin wá láàárọ̀ tún jáde wá pàdé wa nírọ̀lẹ́. Ọmọ Ìjùmú kan tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba kọjá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọkun o." Mo ní ó ṣeun.

Létí odò

Ilé-iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà fún mi ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka kan sí Lọ́kọ́ja, létí odò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mi ò tíì mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún. Ọkọ̀ mi ní gáráǹtì. Ìtumọ̀ gáráǹtì ni pé tó bá bàjẹ́, ọ̀fẹ́ ni wọn óò tún un ṣe, àti pé ẹlòmíràn kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi òjé kékeré kan dí ara ẹ́ńjìnnì. Bí mẹkáníìkì ìta bá já òjé yẹn, gáráǹtì ti kú. Òyìnbó máníjà nìkan ló láṣẹ láti já a, òyìnbó máníjà sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bàrò.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?" ni mo bi fọ́ọ̀mánù wọn. Jémíìsì lorúkọ ẹ̀, ọmọ Yàgbà, èèyàn jẹ́jẹ́ tí fìlà rẹ̀ ò ní èérí rí.

"Nígbà tí wọ́n bá dé," ló wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó dá mi lóhùn ni.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará Lọ́kọ́ja. Láàárọ̀ màá lọ wo ọkọ̀ mi bí ẹni ń lọ wo aláìsàn. Lọ́sàn-án màá jókòó síwájú ilé Ìyá Lọ́kọ́ja. Àwọn Haúsá ọjà ń pè mí ní Bàyáràbé, ìyẹn ọmọ Yorùbá lédè wọn. Àwọn akọ̀wé láti Kàbà àti Yàgbà, tí à ń fi Yorùbá bára wa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin Yorùbá yìí, ẹ kì í ní sùúrù." Mo ní ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀yin? Wọ́n ní àwọn yàtọ̀. Wọ́n sọ ọ́ lédè tí gbogbo Ìsẹ́yìn lè gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ìrọ̀lẹ́ tí ẹnì kan nínú wọn kì í wá béèrè ọkọ̀ mi, wọn kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Ẹja ni wọ́n máa ń mú wá.

Òyìnbó dé. Wọ́n já òjé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n á gbọ́n gbogbo epo inú táǹkì dànù, wọ́n á fọ táǹkì mọ́ tónítóní, wọ́n á sì rọ epo tuntun láti inú dúrọ́ọ̀mù tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa wo ohun tó kù. Jémíìsì pè mí, ó fi ìgò kan hàn mí. Epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀.

"Omi wà nínú epo yín, ọ̀gá. Omi ló ba ẹnu pọ́ọ̀mpù jẹ́. Ta ló ń ta epo fún yín?"

"Ẹ̀yin ni."

Òtítọ́ ni. Ọjọ́ tí mo dé Lọ́kọ́ja, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rọ epo kún táǹkì. Jémíìsì wo ìgò, ó wo dúrọ́ọ̀mù wọn, ó tún wo ìgò.

"Ilé-iṣẹ́ wa kì í ta omi," ló wí jẹ́jẹ́.

"Èmi náà kì í ra omi," ni mo wí. "Odò méjì ló wà nílùú yín."

Wọ́n pààrọ̀ ẹnu pọ́ọ̀mpù. Wọ́n fi òjé mìíràn dí i. Wọ́n wá gbé ọkọ̀ náà lófìfo lọ sí abúlé Gánájà létí odò, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí màlúù lè sùn lójú ọ̀nà kó má yí, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Òyìnbó na àtàǹpàkò sókè. Mo ní kí wọ́n gbé e gun òkè kí n rí i. Jémíìsì ní ìwé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kò mẹ́nu kan òkè.

Òkè kan náà

A tún gbéra. Ìyá Lọ́kọ́ja ní ìgbà àkọ́kọ́, hàǹtú náà kéré, álífà ti ṣe èyí tó lágbára jù ú lọ. Mo mu tèmi. Àwọn èèyàn tún sin wá. Ní ìdajì òkè, ó wúkọ́, èéfín funfun, ó dákẹ́.

Inú bí mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo wọ inú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà, mo sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, àwọn apẹja tó wà lójú omi dúró gbọ́ mi. Mo ní ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù epo síta gbangba, òjò ń rọ̀ sí i, ẹ wá ń tà á fún ọmọlọ́mọ. Jémíìsì tún gbé ìgò wá. Omi inú ẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun náà rí i, ojú sì tì í, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rọ epo náà. Òyìnbó ní kí wọ́n kọ́ àtíbàbà páànù lé àwọn dúrọ́ọ̀mù lórí. Mo ní ìgbà yìí la máa rí i. Mo rìn jáde bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ìgbà tí wọ́n ń kan páànù yẹn ni awakọ̀ kan láti Ìlọrin jẹ́ iṣẹ́ fún mi. Wọ́n ní ojú òsì Bàbá ti lọ pátápátá. Wọ́n ní Bàbá ń jókòó síwájú ilé láti àárọ̀, wọ́n sì ń bi ẹni tó bá ń kọjá bóyá ó gbọ́ ìró lọ́rì. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ sọ fún Ìyá Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà ti sọ fún obìnrin tó ń yan ẹja, ẹni tó ń yan ẹja sì ní èdè mẹ́rin.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, epo abẹ́ àtíbàbà la rọ. A dé òkè. Ẹ mọ ìyókù.

Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Lọ́kọ́ja sọ̀kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fi etí ìró bojú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Lásísì á máa rò pé mi ò fẹ́ wá ni," ni wọ́n wí. "Ó máa fọ́jú tán, á sì máa rò ó bẹ́ẹ̀."

Mo wo ọkọ̀ mi pẹ̀lú SÙÚRÙ LÉRÈ níwájú ẹ̀. Bí mo bá ní àáké lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni, gáráǹtì ì bá kú.

Igbá

Òwúrọ̀ ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ ti dé láti ilé-iṣẹ́ lálẹ́ àná, wọ́n ti fọ táǹkì, wọ́n ti rọ epo mìíràn. Ìyá Lọ́kọ́ja gbé hàǹtú tèmi fún mi, mo mu ún tán, mo jókòó sídìí ẹja. N kò lè gbé e mì. Kì í ṣe àìdùn, ìbànújẹ́ ni. Mo dìde láti lọ fa okùn ẹrù le.

Ìyá Lọ́kọ́ja ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n gun orí odó tí wọ́n dà dé. Ìdérí táǹkì wà lọ́wọ́ òsì wọn. Igbá ńlá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, hàǹtú kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Wọ́n ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì ti ń tẹ igbá náà síwájú.

"Màámi!"

Wọ́n dúró. Kò sí ẹ̀rù lójú wọn, ẹni tó ń ṣe rere kì í bẹ̀rù. "Kí ló dé? Jẹ́ kí n fún un ní tirẹ̀."

"Ẹ ti... ẹ ti fún un rí?"

"Kò sí ìgbà tí mi ò fún un. Àbí ìwọ nìkan lo ń rìn ìrìn-àjò ni? Hàǹtú ò ṣeé wọ́n sára, mímu ni, ìwọ lo sì fi ẹnu ẹ̀ hàn mí. Ìgbà àkọ́kọ́ mo fún un díẹ̀, kò ràn án. Mo fi kún un, kò ràn án. Tòní, mo ní kí álífà kọ wàláà méjì."

Mo fi ọwọ́ di ara ọkọ̀ mú. Mo rántí ìgò Jémíìsì. Mo rántí àtíbàbà páànù. Mo rántí gbogbo ohun tí mo sọ létígbọ̀ọ́ àwọn apẹja. Inú kọ́kọ́ bí mi, ó gbóná dé ọrùn mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbójú sókè, ojú Bàbá mi ni mo rí lórí odó yẹn, tó ń wò mí, tó ń dúró kí n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ òun.

Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní ẹsẹ̀ Kùránì ló ń ba ọkọ̀ jẹ́? Kí álífà gbọ́ ọ? Àbí kí n sọ fún ìyá yìí pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dí ara wọn lọ́nà, títí ojú kan fi lọ lára àbúrò wọn? Wọn ò ní lè dá ara wọn jì. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ lè sọ ọ́. Èmi ò lè sọ ọ́.

"Màámi," ni mo wí, "ìdí tí kò fi ràn án nìyẹn. Ọkọ̀ kì í dá mu tirẹ̀. Awakọ̀ ló ń mu ún fún un. Bí ìyá bá lo oògùn, ṣebí ọmọ tó ń mu ọmú ló ń wò sàn?"

Wọ́n ronú sí i. "Ìwọ ni ìyá ọkọ̀?"

"Èmi ni, Màámi."

"Kí ló dé tí o ò tètè sọ?"

Mo ní ẹ̀bi mi ni. Mo na ọwọ́, mo gba igbá náà. Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀ ni o," mo ní gbogbo ẹ̀. Wàláà méjì, ẹ̀yin ará ilé. Tàdáà tí wọ́n fi kọ ọ́ pọ̀ nínú ẹ̀ ju oyin lọ. Mo gbé e mu títí mo fi rí ìsàlẹ̀ igbá, mo gùfẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi dé táǹkì le pinpin.

Bí a ṣe ń kọjá lẹ́nu ọgbà ilé-iṣẹ́ náà, Jémíìsì ti dúró lójú ọ̀nà. Mo rò pé ó fẹ́ kí wa ni, àṣé ó ti múra láti tún wá wọ́ wa padà. Ó ti gbé ṣéènì sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn bí ẹni ń sin òkú.

A dé òkè. A dé ìdajì òkè. Ìyá Lọ́kọ́ja di ẹsẹ̀ mi mú. Ọkọ̀ ké, ó ń ké, ó ń gùn. Ó gùn ún tán. Lórí òkè lọ́hùn-ún, Jémíìsì wa ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ wa, ó bọ́ fìlà rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun níta. "Ẹ rí i? Àtíbàbà yẹn ni. Epo ti wá gbẹ báyìí."

"Hàǹtú ni," ni Ìyá Lọ́kọ́ja wí sí mi létí. "Ìwọ ni o ò tètè mu ún."

Mo gbà fún àwọn méjèèjì. Mo sì kí Jémíìsì pé ọkun o, torí mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè gba gbogbo ohun tó wà nínú mi sí i. Láti ibẹ̀ dé Kàbà, ọkọ̀ ò dúró lójú ọ̀nà rárá. Èmi ni mo ń dúró, tí mò ń sáré wọ igbó, torí ikùn ènìyàn ò ní ìdérí bíi ti táǹkì.

Ilé

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a dé, ẹ rí i. Bàbá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ti dìde dúró. Ìyá Lọ́kọ́ja sọ̀kalẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ bọ́ sójú oòrùn." Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ẹ̀gbọ́n wọn mú, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ojú ọ̀tún yẹn sì ń wá a kiri bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù.

"Ẹ ti darúgbó," ni Bàbá wí.

"Ìwọ ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo ní mò ń tú okùn.

Mo sọ òtítọ́ fún Bàbá nìkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, èyí tó ń ríran àti èyí tí kò ríran. Wọ́n ní tí n bá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n àwọn, àwọn ò bí mi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbé ibì kan pẹ́, ibẹ̀ ló máa ń pè é. Kò pẹ́ tí Ìyá Lọ́kọ́ja bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Kpata. Aṣọ wọn wà nínú àpótí. Ilé wọn ń jò. Ẹja tí à ń jẹ níbí, wọ́n ní igi ìdáná ni. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n múra ọkọ̀, àwọn fẹ́ lọ. Bàbá kàn ń wo apá ibi tí ohùn náà ti ń wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo bá Ìyá Lọ́kọ́ja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìdérí táǹkì wà lọ́wọ́ òsì wọn, igbá wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Tìrẹ wà lórí àga," ni wọ́n wí. "Ti ọkọ̀ rèé. Mo ti rò ó, ọ̀nà yẹn jìn, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ mu."

Mo ti ń sáré lọ kí Bàbá tó di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ti fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ẹ̀yìn mi, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n débẹ̀. Ọwọ́ ahunṣọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń le.

"Fi í sílẹ̀, Àlàó," ni wọ́n wí sí mi létí. "Jẹ́ kó mu ún."

"Bàbá, ṣebí ẹ mọ̀ pé..."

"Mo mọ̀. Mo ṣì ń rí wọn díẹ̀ díẹ̀."

Mo gbọ́ bí omi náà ṣe ń wọ inú táǹkì. Mo dúró tì í.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ wúkọ́. Èéfín funfun jáde, ó dákẹ́. Ìyá Lọ́kọ́ja wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Kò tíì yá nìyẹn," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Kò tíì yá."

Mo gbé àpótí wọn rù, a fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Bàbá wà níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí níwájú ilé, wọn ò sì bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo gbé àpótí wọ inú yàrá, ẹní tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ń sùn ṣì wà nílẹ̀ gbalaja. Ìyàwó mi ní Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a.